Ìdánwò Sáyẹ́nsì fún Àwọn Ọmọ Ilé-Ẹ̀kọ́ Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Àkókò Ọdún

Nígbà tí ọyẹ́ bá bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́, tí ilé-ẹ̀kọ́ bá gba ìsinmi, tí àwọn ìyá wa sì ń ra ìrẹsì àti adìẹ sílẹ̀ de ọjọ́ Kérésìmesì, gbogbo òbí ni ó mọ ìbéèrè tí ó máa ń tẹ̀ lé e: kí ni àwọn ọmọ yóò máa fi ọwọ́ wọn ṣe láti òwúrọ̀ títí di alẹ́? Ọ̀pọ̀ nínú wọn a máa kó owó ọdún tí àwọn ẹbí fún wọn lọ ra báńgà, èyí tí ń dún bí ìbọn. Báńgà a máa jó ọmọ lọ́wọ́, a sì máa ba ojú ọmọ jẹ́. Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin olùkọ́ sọ ní ọ̀sẹ̀ yìí ni pé ohun ìyanu tí ó dára ju báńgà lọ wà nínú ilé ìdáná wa, owó rẹ̀ kò pọ̀, ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ sì lè gba ẹ̀mí là.

Sáyẹ́nsì kì í ṣe ohun tí ó wà fún kìkì àwọn tí ó ní ilé ìwádìí ńlá. Ìmọ̀ tí a fi ojú rí ni, tí a fi ọwọ́ dán wò, tí a sì béèrè ìdí rẹ̀. Ìyá aláró tí ó ń sẹ́ omi eérú kí aró rẹ̀ lè mú aṣọ dáradára, iṣẹ́ sáyẹ́nsì ni ó ń ṣe. Bákan náà ni ìyá tí ó ń fi omi eérú se ọṣẹ dúdú. Ohun tí ó kù ni pé kí a kọ́ àwọn ọmọ wa láti béèrè pé, "Èéṣe tí ó fi rí bẹ́ẹ̀?" Abéèrè kì í ṣìnà.

Fífi ìdánwò sáyẹ́nsì dá àwọn ọmọdé lára yá ní àkókò Kérésìmesì ti pẹ́ ní ayé. Ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, ilé ìmọ̀ kan wà tí a ń pè ní Royal Institution. Láti ọdún 1825 ni wọ́n ti ń ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Kérésìmesì fún àwọn ọ̀dọ́ níbẹ̀, kò sì dáwọ́ dúró àfi láàrin ọdún 1939 sí 1942, nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Ẹni tí òkìkí rẹ̀ kàn jù nínú àwọn olùkọ́ náà ni Michael Faraday, tí a bí ní ọdún 1791, tí ó sì kú ní ọdún 1867. Ọmọ alágbẹ̀dẹ ni. Kò lọ sí yunifásítì rárá. Iṣẹ́ dídi ìwé ni ó kọ́ ní kékeré, a sì máa ka àwọn ìwé tí àwọn ènìyàn bá gbé wá fún dídì. Láti ibẹ̀ ni ó ti di ọ̀kan nínú àwọn onímọ̀ sáyẹ́nsì tí ó tóbi jù lọ ní ayé. Láàrin ọdún 1827 sí 1860, ìgbà mọ́kàndínlógún ni ó ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Kérésìmesì yìí, èyí tí àwọn ènìyàn sì rántí jù ni èyí tí ó ṣe lórí àbẹ́là lásán. Ní ọdún 1861 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní ìwé. Ọ̀dọ̀ àbẹ́là náà ni àwa pẹ̀lú yóò ti bẹ̀rẹ̀.

ÒFIN TÍ A GBỌ́DỌ̀ PA MỌ́

Èkíní: ọmọdé kankan kò gbọdọ̀ dá tan iná. Àgbàlagbà ni yóò ṣá ìṣáná, òun náà ni yóò sì wà níbẹ̀ títí iná yóò fi kú. Èkejì: kí garawa omi kan wà nítòsí, kí aṣọ gbẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ àti irun má sì súnmọ́ iná. Ẹ̀kẹta: kí epo bẹntiróòlù, kẹrosíìnì àti gáàsì jìnnà sí ibi tí a ti ń ṣe ìdánwò. Ẹ̀kẹrin: ohunkóhun tí a bá ti fi ṣe ìdánwò kò tún jẹ́ jíjẹ tàbí mímu mọ́. Ẹ̀karùn-ún, èyí tí ó ṣe pàtàkì fún ẹ̀kọ́ náà: kí a tó bẹ̀rẹ̀ ìdánwò kọ̀ọ̀kan, kí a bi àwọn ọmọ ní ohun tí wọ́n rò pé yóò ṣẹlẹ̀, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé wọn. Ọmọ tí ó ti sọ èrò tirẹ̀ yóò fi ara balẹ̀ wo ohun tí yóò jáde.

ÌDÁNWÒ KÌN-ÍN-NÍ: ÀBẸ́LÀ LÁBẸ́ GÍLÁÀSÌ

Ẹ wá àbẹ́là kúkúrú mẹ́ta tí gíga wọn dọ́gba, àti ohun èlò gíláàsì mẹ́ta: ife kékeré kan, ìgò tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ kan, àti ìgò mìíràn tí ó tóbi jù ú lọ. Ẹ tan àbẹ́là mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí ẹ sì dá gíláàsì bò wọ́n lẹ́ẹ̀kan náà. Èwo ni yóò kọ́kọ́ kú?

Àwọn ọmọ yóò rí i pé èyí tí ó wà lábẹ́ ife kékeré ni yóò kọ́kọ́ kú, èyí tí ó wà lábẹ́ ìgò ńlá ni yóò sì kú kẹ́yìn. Ìdí rẹ̀ ni pé iná kò lè jó láìsí afẹ́fẹ́. Nínú ìdá ọgọ́rùn-ún afẹ́fẹ́ tí a ń mí, bí ìdá 21 ni ó jẹ́ ọ́síjìn, èyí tí iná àti ènìyàn jọ nílò. Bí ọ́síjìn inú ìgò bá ti dín kù dé ìwọ̀n kan, iná yóò kú. Kì í dúró di ìgbà tí ọ́síjìn náà bá tán pátápátá.

Ẹ tún ṣe é lọ́nà mìíràn. Ẹ gbé àbẹ́là kan sí àárín àwo, kí ẹ da omi díẹ̀ sínú àwo náà, kí ẹ tan àbẹ́là, kí ẹ sì fi gíláàsì bò ó. Bí iná bá ti kú, omi yóò gòkè wọ inú gíláàsì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń sọ pé ààyè ọ́síjìn tí ó tán ni omi wá gbà. Àlàyé yìí kò tọ̀nà. Ooru iná ni ó mú kí afẹ́fẹ́ inú gíláàsì wú, tí díẹ̀ nínú rẹ̀ sì jáde. Nígbà tí iná kú, afẹ́fẹ́ tí ó kù tutù, ó sì sún kì, afẹ́fẹ́ ìta wá ti omi wọlé. Ẹ̀rí méjì wà fún èyí. Ẹ ó rí i pé ìgbà tí iná bá kú tán ni omi ń yára gòkè jù. Bí ẹ bá sì fi àbẹ́là mẹ́ta sábẹ́ gíláàsì kan náà, omi yóò gòkè ju ti àkọ́kọ́ lọ, bẹ́ẹ̀ ni ọ́síjìn inú gíláàsì kò pọ̀ sí i. Ooru ni ó pọ̀ sí i. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ fi ojú ara wọn rí i, kí wọ́n mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ohun tí gbogbo ènìyàn ń sọ ni a ń gbà láìdán an wò.

Ẹ̀yin òbí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dúró díẹ̀ síbí yìí. Bí iná kò bá rí ọ́síjìn tó, tàbí bí epo kò bá jó tán dáradára, a máa mú afẹ́fẹ́ olóró kan jáde tí a ń pè ní kábọ́nì mọnọ́sáìdì. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn. Ẹni tí ó bá ń mí in sínú kò ní mọ̀. Ẹ̀jẹ̀ yóò gbé e dípò ọ́síjìn. Orí yóò máa fọ́ onítọ̀hún, òòyì yóò máa kọ́ ọ, èébì lè máa gbé e, oorun yóò sì gbé e lọ láìjí mọ́. Ẹ̀rọ amúnáwá tí ó wà nínú ilé, nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí lábẹ́ fèrèsé lè pa gbogbo ará ilé ní òru ọjọ́ kan ṣoṣo. Èédú tí a gbé wọ yàrá nítorí òtútù ọyẹ́ lè ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. Nítorí náà, ẹ gbé ẹ̀rọ amúnáwá jìnnà sí ilé àti fèrèsé, ẹ má sì gbé èédú tí ń jó wọ ibi tí ènìyàn ń sùn. Bí ẹ bá rí ẹni tí ó dákú nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, ẹ ṣí ìlẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu, ẹ tètè gbé e síta sínú afẹ́fẹ́, kí ẹ sì sáré gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ọmọ tí ó ti rí àbẹ́là tí ó kú lábẹ́ gíláàsì kò ní ṣòro fún láti lóye òfin yìí, òun náà ni yóò sì rán àgbà létí.

ÌDÁNWÒ KEJÌ: ÈÉFÍN TÍ Ó GBÉ INÁ WÁLÉ

Olùkọ́ tàbí òbí nìkan ni kí ó ṣe èyí, kí àwọn ọmọ máa wò ó láti òkèèrè. Ẹ jẹ́ kí àbẹ́là jó fún ìṣẹ́jú díẹ̀ níbi tí atẹ́gùn kò sí. Ẹ fẹ́ ẹ pa. Èéfín funfun yóò máa gòkè láti orí òwú rẹ̀. Lójú kan náà, ẹ mú ìṣáná tí ń jó súnmọ́ èéfín náà, díẹ̀ sí òkè òwú, láìfi kan òwú rárá. Iná yóò fò gba inú èéfín sọ̀ kalẹ̀, àbẹ́là yóò sì tún tàn.

Ohun tí ó fa èyí ni pé kì í ṣe ọ̀rá àbẹ́là líle ni ó ń jó. Ooru a máa yọ́ ọ̀rá náà, òwú a fà á sókè, ọ̀rá náà a sì di oru. Oru yìí ni ó ń jó. Èéfín funfun tí ẹ rí jẹ́ oru ọ̀rá tí ó ti ń tutù, òun ni iná sì fi ṣe ọ̀nà padà sílé.

Kí a fi èyí kọ́ ara wa lọ́gbọ́n. Bẹntiróòlù a máa di oru láìsí pé a gbé e ka iná, oru rẹ̀ a sì máa rìn lọ sí ọ̀nà jíjìn lórí ilẹ̀. Ẹni tí ó ṣí kẹ́ẹ̀gì bẹntiróòlù nínú ilé, tí àbẹ́là sì ń jó ní igun kejì, lè rò pé iná jìnnà sí epo. Bí iná ṣe gba inú èéfín padà sí ara àbẹ́là, bẹ́ẹ̀ ni yóò gba inú oru wá bá epo.

ÌDÁNWÒ KẸTA: ZOBO TÍ Ń PARADÀ

Zobo tí a ń mu ní ọdún, ara òdòdó ìṣápá pupa ni a ti ń sè é. Ẹ bu díẹ̀ sọ́tọ̀ kí ẹ tó fi ṣúgà àti ata ilẹ̀ sí i, ẹ là á pẹ̀lú omi títí yóò fi mọ́lẹ̀ díẹ̀, kí ẹ sì pín in sínú ife gíláàsì mẹ́ta. Ẹ fi ife kìn-ín-ní sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ kí a lè máa fi wé àwọn yòókù. Ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ sínú ife kejì. Ẹ po káún díẹ̀ mọ́ omi, kí ẹ sì máa kán an sínú ife kẹta díẹ̀díẹ̀.

Ife kejì yóò pọ́n rẹ̀rẹ̀. Pupa ife kẹta yóò ṣá, yóò sì yí padà di àwọ̀ aró tàbí àwọ̀ ewé. Àwọ̀ pupa tí ó wà nínú ìṣápá ni ó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ó bá pàdé ohun kíkan bí ọsàn tàbí ọtí kíkan, yóò pọ́n sí i. Bí ó bá pàdé irú ohun tí ó wà nínú káún, omi eérú àti ọṣẹ, yóò yí padà. Nípa báyìí, zobo di ẹlẹ́rìí tí ń sọ irú ẹni tí ohun kọ̀ọ̀kan jẹ́ fún wa.

Kí àwọn ọmọ tún wá ọtí kíkan, omi ọṣẹ, omi eérú, iyọ̀ àti ṣúgà, kí wọ́n dán ọ̀kọ̀ọ̀kan wò nínú zobo, kí wọ́n sì fa ìlà sínú ìwé wọn láti kọ àbájáde rẹ̀ sílẹ̀. Wọn yóò rí i pé iyọ̀ àti ṣúgà kì í yí àwọ̀ rẹ̀ padà. Níkẹyìn, kí wọ́n fún ọsàn wẹ́wẹ́ sínú ife tí ó ní káún. Yóò hó, àwọ̀ pupa yóò sì padà wá. Híhó náà ni a ó sọ̀rọ̀ rẹ̀ nínú ìdánwò tí ó kàn. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọdé fi ọwọ́ kan sódà líle tí àwọn aṣọṣẹ ń lò, nítorí ó ń jó ara, ó sì lè fọ́ ojú. Káún ti tó fún iṣẹ́ yìí.

ÌDÁNWÒ KẸRIN: ÌWÚKÀRÀ TÍ Ń FẸ́ FÈRÈ

Ẹ wá ìgò mẹ́ta tí ẹnu wọn kéré àti fèrè rọ́bà mẹ́ta, irú èyí tí àwọn ọmọdé máa ń fẹ́ fún ọdún. Ẹ da omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sínú ìgò kìn-ín-ní àti ìkejì títí dé ìdajì. Ẹ da omi tí ó hó sínú ìgò kẹta, àgbàlagbà ni kí ó dà á, kí ìgò kẹta náà sì jẹ́ irú èyí tí omi gbígbóná kò lè fọ́. Ẹ fi ṣíbí kékeré méjì ìwúkàrà tí a fi ń ṣe pọ́fù-pọ́fù sínú ìgò kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi ṣíbí kékeré méjì ṣúgà sínú ìgò kìn-ín-ní àti ìkẹta, ṣùgbọ́n ẹ má fi sínú ìkejì. Ẹ mì wọ́n, ẹ fi fèrè bo ẹnu wọn, kí ẹ sì gbé wọn síbi tí ó lọ́wọ́ọ́wọ́ fún bí wákàtí kan.

Fèrè orí ìgò kìn-ín-ní yóò dìde, yóò sì máa wú. Àwọn méjì yòókù kò ní wú bẹ́ẹ̀. Ohun alààyè ni ìwúkàrà. Ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú lásán kò lè rí ẹyọ kan rẹ̀, ìbátan olú ni. Ó ń jẹ ṣúgà, ó sì ń mú afẹ́fẹ́ kan jáde tí a ń pè ní kábọ́nì dáyọ́sáìdì, èyí tí àwa pẹ̀lú ń mí síta. Nínú ìgò kejì, oúnjẹ rẹ̀ kò sí. Nínú ìgò kẹta, omi gbígbóná ti pa á.

Nígbà tí ìyá bá po ìyẹ̀fun pọ́fù-pọ́fù sílẹ̀, afẹ́fẹ́ yìí kan náà ni ó ń wú u. Ìdí nìyí tí a kì í fi í fi omi gbígbóná pò ó. Bákan náà ni ẹmu ṣe ń hó: irú ohun alààyè yìí wà nínú rẹ̀, ó ń jẹ adùn ẹmu náà, ó sì ń sọ ọ́ di ọtí. Híhó tí káún àti ọsàn wẹ́wẹ́ hó nínú zobo, kábọ́nì dáyọ́sáìdì náà ni. Òun kan náà ni wọ́n fi agbára tì sínú ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Bí ẹ bá ju èso àjàrà gbígbẹ díẹ̀ sínú ọtí ẹlẹ́rìndòdò tí kò ní àwọ̀, àwọn èso náà yóò máa rì, wọn yóò sì tún máa léfòó, bí ẹni tí ń jó. Ìṣù afẹ́fẹ́ kéékèèké tí ó lẹ̀ mọ́ wọn lára ni ó ń gbé wọn sókè. Bí ó bá sì fọ́ lójú omi, wọn a tún rì.

ÌDÁNWÒ KARÙN-ÚN: ẸYIN TÍ Ó LÉFÒÓ

Ẹ rọra gbé ẹyin tútù kan sínú ife omi. Bí ó bá jẹ́ ẹyin tuntun, yóò rì. Ẹ máa fi ṣíbí bu iyọ̀ sínú omi náà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ máa rò ó títí yóò fi yọ́, kí àwọn ọmọ sì máa kà á. Nígbà tí ó bá yá, ẹyin náà yóò gbéra nílẹ̀, yóò sì léfòó. Omi iyọ̀ wúwo ju omi lásán lọ, nítorí náà ni ó ṣe lè gbé ohun tí omi lásán kò lè gbé. Ìdí nìyí tí ó fi rọrùn láti léfòó nínú òkun ju inú odò lọ. Nínú lítà omi òkun kan, bí gíráàmù 35 iyọ̀ ni ó wà nínú rẹ̀. Ní Òkun Iyọ̀ tí a ń kà nípa rẹ̀ nínú Bíbélì, iyọ̀ náà pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ lọ́nà púpọ̀, ènìyàn a sì léfòó lórí rẹ̀ láìwẹ̀.

Ìdánwò yìí wúlò fún ìyá tí ó ń ra ẹyin ọdún. Ẹyin tí ó bá léfòó nínú omi lásán ti pẹ́, nítorí omi inú rẹ̀ ti gba ara èèpo jáde, afẹ́fẹ́ sì ti gba ààyè rẹ̀. Ó dára kí ìyá fọ́ irú ẹyin bẹ́ẹ̀ sínú abọ́ lọ́tọ̀, kí ó wò ó, kí ó sì gbóòórùn rẹ̀, kí ó tó dà á mọ́ ìyókù.

KÍ A ṢE É NÍ ÈDÈ WA

Àwọn mìíràn lè sọ pé èdè Òyìnbó nìkan ni a fi ń kọ́ sáyẹ́nsì. Ìrírí tiwa fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1970, ní Ilé-Ifẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan nínú èyí tí a ti fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, sáyẹ́nsì pẹ̀lú. Èdè Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ ẹ̀kọ́ kan lọ́tọ̀ fún wọn. Àwọn ọmọ náà kò gbẹ́yìn rárá. Wọ́n ṣe dáradára nínú ẹ̀kọ́ wọn, àti nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Ọmọ tí ó bá lè ṣàlàyé fún ìyá àgbà rẹ̀ ní èdè Yorùbá ìdí tí àbẹ́là fi kú lábẹ́ gíláàsì, ó ti mọ̀ ọ́n ní tòótọ́.

Ẹ̀yin òbí tí ẹ jẹ́ Mùsùlùmí, ọdún tiyín náà kò yàtọ̀. Zobo, pọ́fù-pọ́fù àti ẹyin wà ní ọjọ́ Ìtúnu Ààwẹ̀ àti ní ọjọ́ Iléyá. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ lè fún àwọn ọmọ ní ọ̀kan nínú àwọn ìdánwò yìí lọ sílé ní ọjọ́ tí ẹ bá ń pa ilé-ẹ̀kọ́ dé, kí wọ́n sì mú ìwé àkọsílẹ̀ wọn padà nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ bá wọlé. Èyí tí ó bá níí ṣe pẹ̀lú iná, kí ó jẹ́ ojú yín ni a ó ti ṣe é.

Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Bí ọmọ bá béèrè ohun tí ẹ kò mọ ìdáhùn rẹ̀, ẹ má ṣe lé e sẹ́yìn. Ẹ sọ fún un pé, "Jẹ́ kí a jọ dán an wò." Kí ẹ tó sùn ní alẹ́ òní, ẹ bá àwọn ọmọ yín lọ wo ibi tí ẹ̀rọ amúnáwá wà. Bí ó bá súnmọ́ fèrèsé, ẹ gbé e kúrò. A kí gbogbo yín pé ẹ kú ọdún, ẹ ó ṣe ọ̀pọ̀lọpọ̀ rẹ̀ láyé.